Pẹpẹ Ara Ògiri Tí A Fọwọ́ Ara Wa Kàn: Ṣé Pákó Ni Ká Kọ́kọ́ Wò Ni, Àbí Ògiri?

Ìbéèrè

Òṣogbo ni mo ń gbé, nínú ilé búlọ́ọ̀kù oníyàrá méjì tí mo háyà. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kan pẹpẹ onígi mẹ́ta mọ́ ògiri pálọ̀: màá to ìwé sórí méjì, màá sì to àwọn àwo tánganran tí màmá mi fún mi sórí ìkẹta. Káfíńtà kan ti bá mi kan ọ̀kan rí. Ìṣó kọnkéré ló lò, kò sì pẹ́ tí pẹpẹ náà fi já bọ́ tòun ti pílásítà tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò mi ní pákó tó lò ló wúwo jù, kí n lọ ra HDF, pákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀. Àwọn mìíràn ní ìrókò nìkan ló lè gbé ìwé. Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n gbọ́? Ṣé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ káfíńtà tiẹ̀ lè dá a ṣe, kó sì lẹ́wà lójú?

* * *

Arábìnrin, ẹ lè dá a ṣe. Bí mo ṣe ń dá yín lóhùn, màá dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn tó kọ̀wé sábẹ́ ìbéèrè yín náà. Àmọ́ kí a tó dárúkọ igi kankan, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ: pẹpẹ já tòun ti pílásítà. Pákó kò ṣẹ́, irin tó gbé e kò wọ́. Ògiri ni kò dì í mú. Bí ẹ bá ra ìrókò tàbí HDF, tí ẹ tún fi ìṣó kọnkéré kàn án mọ́ ògiri kan náà, ìtàn kan náà ni ẹ ó tún wá sọ fún wa. Nítorí náà, ibi ògiri ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pákó ni gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́ ṣáájú.

Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí a ń gbé lónìí. Ó gùn ní mílímítà 450, ó ga ní 225, ìnípọn rẹ̀ sì lè jẹ́ íńṣì 9 tàbí íńṣì 6. Ihò ńlá méjì ló wà nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ibi mẹ́ta péré ló ti dì gbagidi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìyẹn orí rẹ̀ méjèèjì àti àárín. Ojú pílásítà ti bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀, ẹni tó wà nínú yàrá kò lè fojú rí i. Nígbà tí a bá ń gbá ìṣó kọnkéré wọlé, ńṣe ni ìṣó ń fọ́ ọ̀nà fún ara rẹ̀, iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì tó yí i ká á sì tú. Ó lè dúró lọ́jọ́ tí a gbá a. Bí ẹrù bá ti ń fà á, tí ilẹ̀kùn ń gbá, tí àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn án, ihò náà á máa gbòòrò títí ìṣó á fi yọ.

Àwọn tó ń gbèjà ìṣó kọnkéré pọ̀, mo sì ti bá wọn jiyàn púpọ̀. Wọ́n á ní aago àti fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ti wà lára ògiri tipẹ́, kò já. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n aago kì í ṣe pẹpẹ. Aago lẹ̀ mọ́ ògiri, ìsàlẹ̀ ló ń fa ìṣó sí. Pẹpẹ yọ síta, ó sì ń fa ohun tó dè é lókè síwájú, kúrò nínú ògiri. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí pẹpẹ bá yọ síta ní íńṣì 10, tí a sì to ẹrù kílò 20 sí i dọ́gbadọ́gba, a lè kà á sí pé íńṣì 5 sí ògiri ni gbogbo ìwúwo náà wà. Bí búrákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin onígun tó gbé e, bá ga ní íńṣì 5, agbára tó ń fa àwọn síkúrúù òkè jáde yóò tó kílò 20. Bí ẹ bá lo búrákẹ́ẹ̀tì tó ga ní íńṣì 10, ó di kílò 10. Ẹrù kan náà, pákó kan náà, ìdajì wàhálà ti kúrò lórí ògiri nítorí irin tó gùn díẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe ra búrákẹ́ẹ̀tì kékeré torí pé ó rẹwà.

* * *

Fíṣà, ìyẹn ike tí a ń tì sínú ihò kí síkúrúù lè dì, àti síkúrúù ni ẹ ó lò, kì í ṣe ìṣó. Fún pẹpẹ ìwé, fíṣà mílímítà 8 ló yẹ, bíìtì dírìlì náà yóò sì jẹ́ mílímítà 8. Ẹ má ṣe gba ti ẹni tó bá ní kí ẹ lu ihò tó tóbi díẹ̀ kí fíṣà lè tètè wọlé. Bí fíṣà bá ti wọlé láìjà, kò ní dì. Bí dírìlì yín bá ní ibi tí a ti ń tan òòlù inú rẹ̀, ẹ má ṣe tàn án lórí búlọ́ọ̀kù wa. Kọnkéré líle ni wọ́n ṣe é fún, bí ẹ bá sì lò ó lórí búlọ́ọ̀kù tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù, tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó, ihò á gbòòrò, á sì rún.

Pílásítà kò ní agbára kankan láti gbé ẹrù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú fò dá nìyí. Ẹ gbọ́dọ̀ lu ihò kọjá pílásítà, kí ẹ sì ti fíṣà wọlé títí gbogbo gígùn rẹ̀ yóò fi wà nínú búlọ́ọ̀kù gan-an, kì í ṣe kí ìdajì rẹ̀ wà nínú pílásítà. Síkúrúù yóò nílò láti gùn ju bí ẹ ti rò lọ, ó lè tó íńṣì 2 àbọ̀ tàbí 3. Ẹ fẹ́ eruku inú ihò náà jáde kí ẹ tó ti fíṣà wọlé. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ dára fún un, ẹ sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí eruku má bàa wọ̀ yín lójú.

Bí bíìtì bá ṣàdédé já sófo, inú ihò búlọ́ọ̀kù ni ẹ bọ́ sí. Ẹ sún un sọ́tùn-ún tàbí sósì ní íńṣì mélòó kan, ẹ ó kan ibi tó dì. Bí ibẹ̀ bá bọ́ sórí ibi tí búrákẹ́ẹ̀tì kò lè wà, ẹ fẹ ihò náà díẹ̀, ẹ po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 mọ́ iyanrìn ìwọ̀n 3, ẹ rọ ọ́ kún inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lu ihò mìíràn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo wí, kì í ṣe ọ̀la.

Ẹ má ṣe lu ihò lókè tàbí nísàlẹ̀ ibi tí súwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà tààrà. Ibẹ̀ ni páìpù wáyà iná máa ń gbà kọjá nínú ògiri.

* * *

Ẹnì kan láti Ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí ẹni tí kò ní dírìlì yóò ṣe, nítorí pé iná kì í dúró ní àdúgbò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Àwọn àgbà káfíńtà kì í lo fíṣà láyé àtijọ́. Wọ́n á fi síńsélì àti òòlù gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sínú ògiri, wọ́n á gé kùkùté igi gbígbẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ, wọ́n á rì í mọ́ ihò náà pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, wọ́n á sì jẹ́ kó gan kí wọ́n tó de síkúrúù mọ́ ọn. Nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló fẹ̀, bí ẹrù ṣe ń fà á síta ni ó ń há sí i. Ó gba àkókò, ó sì ń ba ògiri jẹ́ díẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá fi í lé mi lọ́wọ́, òun ni mo nígbẹ̀kẹ̀lé nínú rẹ̀ jù lórí ògiri tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò dára.

Ní ti ẹni tó ń gbé ilé alámọ̀ àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kan pẹpẹ ìwé mọ́ ọn. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú kì í lẹ̀ mọ́ amọ̀ dénú. Ẹ kan pẹpẹ tó fẹsẹ̀ tilẹ̀, kí ẹ kàn fi síkúrúù kan so orí rẹ̀ mọ́ ògiri kó má baà ṣubú síwájú.

* * *

Ó wá di ọ̀rọ̀ pákó, níbi tí ariyanjiyàn ti gbóná jù. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ní HDF ló bá ìgbà mu, kì í wọ́, kò nílò pólíìṣì, ẹ̀rọ á sì gé e fún yín bí ẹ ṣe fẹ́. Àwọn kan ní ìrókò ni olórí igi, kí ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì sinmi. Àwọn yòókù ní èyíkéyìí tí owó yín bá ká, pólíìṣì ni yóò sọ ọ́ di ẹwà. N kò fara mọ́ ọ̀kan nínú wọn pátápátá.

HDF kì í wọ́ lóòótọ́, nítorí pé fọ́nrán igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó sọ fún yín pé ó fúyẹ́ kò tíì gbé odindi ọ̀kan rí, èyí tó fẹ̀ ní fíìtì 4 tó sì gùn ní 8. Ó wúwo ju ìrókò tí ó nípọn bí i lọ, síbẹ̀ ó yára tẹ̀ jù ú lọ lábẹ́ ẹrù. Bí síkúrúù bá wọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ó máa ń là. Bí omi bá kàn án létí, ó máa ń wú, kì í sì í padà sípò mọ́. Fún kọ́bọ́ọ̀dù, n kò ní bá yín jà. Fún pẹpẹ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́, tí ẹ ó máa wò láràárọ̀, bébà tí wọ́n ya àwòrán igi sí, tí wọ́n fi bo HDF, kò lè dà bí igi.

Ìrókò ńkọ́? Igi rere ni, ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọn. Àmọ́ ó le fún ẹni tí ayùn ọwọ́ nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń ní nǹkan funfun tó gan bí òkúta nínú, bí ayùn bá sì kàn án, ẹnu ayùn kú nìyẹn. Agbára rẹ̀ ju ohun tí pẹpẹ mẹ́ta nílò lọ. Àwọn igi tí mo máa ń dábàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gànwó, tó pupa, tó sì ń gba pólíìṣì dáadáa, àti ọ̀mọ̀, igi tí àwọn onílù ń gbẹ́, tó fúyẹ́, tó rọrùn láti gé, tí kì í sì í tètè jẹrà. Bí owó kò bá tó, afárá kò burú. Ó rọ̀ fún ayùn, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́, àmọ́ kòkòrò máa ń jẹ ẹ́ tí ẹ kò bá tọ́jú rẹ̀. Arère ni màá sá fún. Ó fúyẹ́ gan-an, ó sì tètè ń gé, èyí ló mú kí wọ́n máa tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Síkúrúù kì í dì dáadáa sínú rẹ̀, àwọn kòkòrò ajẹgi sì fẹ́ràn rẹ̀. Másóníà lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ̀búlẹ̀bú rẹ̀ ń yọ imú àti ọ̀fun lẹ́nu. Ẹ má gé e, ẹ má sì fi sáńpépà ha á láìfi nǹkan bo imú.

Síbẹ̀, irú igi kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, àlàfo tó wà láàárín búrákẹ́ẹ̀tì ni. Ìwé tó kún mítà kan lè wúwo tó kílò 30. Bí ìwé bá kún orí pẹpẹ, tí ẹ sì sọ àlàfo tó wà láàárín búrákẹ́ẹ̀tì méjì di ìlọ́po méjì, títẹ̀ pákó kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po 16 ló ń dà. Bí ẹ bá sì sọ ìnípọn pákó di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ á dín kù dé ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa jiyàn bóyá ìrókò ni tàbí ọ̀gànwó. Á kàn fi búrákẹ́ẹ̀tì kan kún un láàárín. Fún pákó tí wọ́n ń pè ní íńṣì kan, tí kì í tó íńṣì kan mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fá a, ẹ má jẹ́ kí àlàfo kọjá sẹ̀ǹtímítà 60 níbi tí ìwé bá wà. Bí ẹ bá tako mi tí ẹ ra HDF, ẹ má jẹ́ kó kọjá 45.

* * *

Ọ̀pọ̀ béèrè bí ènìyàn ṣe ń ra pákó láìjẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣe é ní ọjà pákó Bódìjà, ní Ìbàdàn. N kì í gba èyí tó wà lórí òkìtì. Màá ní kí wọ́n fa pákó jáde, màá gbé orí rẹ̀ kan sókè dé ojú mi, màá dijú kan, màá sì wo etí rẹ̀ gbọọrọ dé òpin. Bí ó bá wọ́, ibẹ̀ ni yóò ti hàn. Lẹ́yìn náà, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín rẹ̀. Pákó tó ṣì ní omi lára máa ń tutù ju èyí tó gbẹ lọ, bí ẹ bá sì gbé e, ọwọ́ yín á sọ fún yín. Màá wá wo àwọn ihò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá rí èyí, kò sí iye tí wọ́n dá lé e tí màá san. Ibi tó funfun ní ẹ̀gbẹ́ pákó náà, ìyẹn ara igi tó sún mọ́ èèpo, ni kòkòrò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ yan èyí tí funfun rẹ̀ kéré.

Orí pákó, níbi tí ayùn ti gé e, ni ẹ ó wò kẹ́yìn. Ẹ ó rí àwọn ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ. Bí igi bá ń gbẹ, àwọn ìlà wọ̀nyí máa ń fẹ́ na ara wọn tọ́, pákó á sì tẹ̀ sí òdìkejì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ojú tó kọjú sí àárín igi wà lókè nígbà tí ẹ bá kàn án. Bó bá tiẹ̀ tẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì á lọ sísàlẹ̀ lé búrákẹ́ẹ̀tì, àárín á sì ga díẹ̀. Àwọn káfíńtà kan ní òdìkejì ni kí a ṣe, kí nǹkan má baà yí bọ́. Mo gbọ́ wọn, àmọ́ nígbà tí etí bá gbé sókè kúrò lórí búrákẹ́ẹ̀tì, síkúrúù ni yóò máa fà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́. Ẹni kan kọ̀wé pé pẹpẹ òun là láàárín oṣù Kínní, ó sì gbà pé pákó tí wọ́n tà fún òun ló ti là tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ mo fẹ́ kó wo ibi tó là. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì ní gígùn, ní ìbú rẹ̀ ló ń sún kì. Ní àsìkò òjò ó ń wú, nígbà tí ọyẹ́ bá dé ó ń sún kì. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀pá ẹ̀ṣọ́ mọ́ orí pákó, ní ìdábùú ìlà igi, ọ̀pá náà kò ní sún kì, pákó á sì fẹ́ sún kì; ohun tó kù kò ju kí ọ̀kan nínú wọn là. Púpọ̀ nínú àwọn pẹpẹ tó là lọ́yẹ́, ọ̀pá ẹ̀ṣọ́ yìí ló fà á. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí àárín nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí síkúrúù tó dè é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà nínú ihò tó gùn díẹ̀, kí igi lè rìn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ra pákó, ẹ má ṣe kàn án lọ́jọ́ kejì. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá tí ẹ fẹ́ kàn án sí, ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ sì fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ lórí. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

* * *

Àwọn kan ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò kun ẹ̀yìn pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Mo lòdì sí i gidigidi, pàápàá nínú ilé tí ọmọdé wà. Ó ń rùn, ó ń ba aṣọ àti ìwé jẹ́, pólíìṣì kì í sì í di orí rẹ̀. Ọ̀nà tí ikán ń gbà dé ara pẹpẹ ni kí ẹ dí: ikán ilẹ̀ ń mọ ọ̀nà amọ̀ wá láti ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ ó sì máa rí i bí ẹ bá ń yẹ ìsàlẹ̀ ògiri wò. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó tó ìka kan wà láàárín ẹ̀yìn pákó àti ògiri. Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀, ọ̀rinrin ògiri kò ní kàn án, ikán tó bá fẹ́ kọjá yóò sì hàn sí yín. Bí afárá ni ẹ bá rà, ẹ fi oògùn igi tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà kùn ún níta gbangba, ẹ jẹ́ kó gbẹ títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, kí ẹ tó mú un wọlé fún fáníìṣì.

* * *

Mo rí i pé àwọn tó ń gbé London àti Houston ń sọ pé ohun tí mo kọ nípa ògiri kò bá ti àwọn mu. Òtítọ́ ni. Púpọ̀ nínú ògiri inú ilé lọ́hùn-ún, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi jípísọ́ọ̀mù, ohun funfun bí ẹfun, ṣe, tí wọ́n sì fi bébà bò ni, tí wọ́n kàn mọ́ òpó igi. Fíṣà ike lásán kò lè dì níbẹ̀. Òpó igi yẹn ni kí ẹ wá. Ní Amẹ́ríkà, íńṣì 16 ló sábà máa ń wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ní Ìlú Ọba, mílímítà 400 tàbí 600. Ẹ fa máágínẹ́ẹ̀tì kékeré lára ògiri, á dúró níbi tí orí síkúrúù tí wọ́n fi kan òpó wà. Bí ẹ bá rí òpó méjì, síkúrúù lásán tó wọ inú igi rẹ̀ lágbára ju fíṣà èyíkéyìí lọ. Bí onílé kò bá gbà kí ẹ lu ògiri, pẹpẹ tó fẹsẹ̀ tilẹ̀ tó sì fẹ̀yìn ti ògiri ni kí ẹ kàn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ẹwà, torí arábìnrin wa béèrè rẹ̀, àwọn tó dáhùn sì kọjá rẹ̀ kíákíá. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn ra ọ̀pá ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú pákó, tàbí kó fi bébà aláwọ̀ bò ó. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa kì í lẹ ọnà mọ́ igi. Nínú ilẹ̀kùn tí Àrẹógun ti Ọ̀sì-Ìlọrin gbẹ́, nínú ti ọmọ rẹ̀ George Bándélé, àti nínú ti Lámìdì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ara pákó kan náà ni àwọn àwòrán ti yọ jáde. Ohun tí kò nílò ni wọ́n gbẹ́ kúrò. N kò ní kí ẹ di agbẹ́gilére. Àmọ́ ẹ lè lo ọgbọ́n kan náà. Ẹ ya ìlà kọrọdọ kan sórí páálí, ẹ gé e, ẹ fi pẹ́ńsùlù tẹ̀lé e lẹ́bàá iwájú pákó, kí ẹ sì fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé e. Ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó rí hánranhànran dé èyí tó kúnná, kí ẹ sì máa ha á ní ìtọ́sọ́nà ìlà igi nìkan. Èyí tí a bá ha ní ìdábùú, fáníìṣì á tú u fó. Ẹ fi síńsélì fa ìlà tín-ín-rín méjì sábẹ́ etí iwájú. Ó parí. Ọ̀gànwó tí a ṣe báyìí, tí a fi fáníìṣì fẹ́ẹ́rẹ́ kùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a sì ń fi sáńpépà tó kúnná ha láàárín kíkùn kan sí èkejì, kò nílò ẹ̀ṣọ́ mìíràn.

* * *

Arábìnrin wa tún kọ̀wé pé òun rí pẹpẹ tí búrákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò hàn rárá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé òun kò lè ṣe irú rẹ̀. Fún ìwé, rárá, lórí búlọ́ọ̀kù oníhò. Irin tó wọ inú irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ kò ga, ẹ sì ti rí i nínú ìṣírò òkè pé gíga irin náà ló ń dín agbára tó ń fa síkúrúù jáde kù. Fún àwo mélòó kan, bí pẹpẹ kò bá yọ síta ju íńṣì 6 lọ, mo lè gbà fún yín. Ohun tí mo fara mọ́ jù ni kí ẹ gé búrákẹ́ẹ̀tì yín láti ara igi kan náà, kí ìlà kọrọdọ tó wà níwájú pákó tún hàn lára rẹ̀, kí ó sì ga tó bí pẹpẹ ṣe yọ síta. Ẹ jẹ́ kí ìlà igi dúró lóòró lára apá tó kan ògiri, kó sì sùn gbalaja lára apá tó gbé pákó. Pákó ẹyọ kan tí a bá gé ní onígun, ibi tí ìlà rẹ̀ ti kúrú ni yóò ti ṣẹ́.

Ní ti iṣẹ́ ọjọ́ náà: ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ògiri pẹ̀lú ìwọ̀n olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò, ẹ má ṣe wọn láti òkè àjà tàbí láti ilẹ̀, nítorí pé èyíkéyìí nínú wọn lè má tẹ́jú. Ẹ de búrákẹ́ẹ̀tì kan, ẹ fi pákó lé e, ẹ fi ìwọ̀n wò ó, kí ẹ tó sàmì ibi tí èkejì yóò wà. Kí ẹ tó to ìwé kan sórí rẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹ etí iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì sì máa wo orí búrákẹ́ẹ̀tì. Bí àlàfo tó tín-ín-rín bí okùn bá yọ láàárín irin àti ògiri, fíṣà náà kò dì. Ẹ tú u, ẹ tún ihò náà ṣe. Ìwé tó wúwo jù ni kí ẹ tò sún mọ́ búrákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe sáàárín.

Pẹpẹ àwo, ẹ fi síńsélì gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sójú rẹ̀, kó jìn tó mílímítà 5, kó sì jìnnà sí ògiri ní nǹkan bí íńṣì 2, kí etí àwo lè jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí àwo bá fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ kan ọ̀pá kékeré kan síwájú, ní ìtọ́sọ́nà ìlà igi, kó ga ju ojú pákó lọ díẹ̀. Ẹ má sì kàn án sórí àga tí àwọn àlejò ń jókòó sí.